Ìgbéyàwó Nítorí Ìwé Ìgbélùú: Ǹjẹ́ Ìdajì Òtítọ́ Tó Bí?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí, ọ̀rọ̀ inú ilé wa ni. Ó ti wọ inú ìjọ, ó ti dé iwájú àwa àgbà, a kò sì lè máa dijú sí i mọ́.

Arákùnrin kan láàárín wa ló wá bá wa lẹ́yìn ìsìn. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ìwé kékeré kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi kọ. Kí ẹ kọ ọ́ pé ẹ mọ̀ mí láti kékeré, pé n kò gbéyàwó rí.”

Ẹnu yà wá. A ní, “Ọmọ wa, obìnrin tó ń pọn ọmọ rẹ sẹ́yìn lọ́hùn-ún ńkọ́? Ṣé kì í ṣe àwa la gbàdúrà níbi ìdána yín ni?”

Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kò dé mẹ́rì. Lójú ìjọba, àpọ́n ni mí. N kò purọ́, òtítọ́ ni mo ní kí ẹ kọ.”

Nígbà tí a wádìí ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, a rí i pé arábìnrin kan wà ní ilẹ̀ Faransé, ọmọ onílùú lábẹ́ òfin, tó gbà pé òun ni arákùnrin yìí fẹ́ fi ṣe aya títí ikú. Ìyàwó tó wà nílé sì gbà pé orí ìwé lásán ni, pé bí ọkọ òun bá ti rí ìwé ìgbélùú gbà, yóò jáwọ́ nínú ti ọ̀hún, yóò wá mú òun àti ọmọ lọ. Obìnrin méjì, ọ̀rọ̀ méjì, ẹnu kan ṣoṣo.

A ní kó máa lọ ilé, kó fún wa láyè kí a rò ó. Ohun tí a rò náà ni ẹ ń kà yìí.

ÈKÍNNÍ: ÌWÉ KÌ Í ṢE Ẹ̀ṢẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú èyí kúrò lọ́nà. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti fẹ́ ọmọ ìlú mìíràn, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti gba ìwé ìgbélùú nípasẹ̀ rẹ̀. Àwa ará Ìfọ̀nyìn ló yẹ kó mọ èyí ju gbogbo ayé lọ. Ìfọ̀nyìn ni ẹnu wa ń pe ìlú wa, Ifangni ni ìwé ìjọba ń kọ. Ti ẹnu yàtọ̀ sí ti ìwé, ṣùgbọ́n ìlú kan náà ni, a kò sì fi ìyàtọ̀ yẹn tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ní ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé jókòó, tí wọ́n fa ìlà sí àárín ilẹ̀ wa, láì bi àwọn bàbá wa léèrè. Ẹ̀gbọ́n bọ́ sí apá kan, àbúrò bọ́ sí apá kejì. Títí di òní, Ìfọ̀nyìntẹ̀dó wà ní Nàìjíríà, àwa wà ní Bẹ̀nẹ̀. Láti Ìgòlò wa, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn dé Ìdí-Ìrókò. Mélòó nínú àwọn ìyá wa ni kò ti òdìkejì wá? Mélòó nínú àwọn ọmọbìnrin wa ni kò sí nílé ọkọ ní Ìpókíá? Wọ́n gbé ẹrù ìyàwó kọjá ẹnubodè, àwọn aṣọ́bodè náà sì bá wọn jó.

Òfin pàápàá mọ̀ pé aya ń bá ọkọ rẹ̀ lọ. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní ìpín 26, fi àyè sílẹ̀ fún obìnrin àjèjì tí ó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà láti bẹ̀bẹ̀ kí a kọ òun mọ́ ọmọ onílùú, bí ó bá jẹ́ ẹni rere, tí ó sì fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ọkùnrin àjèjì tí ó fẹ́ ọmọbìnrin Nàìjíríà kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó yẹ kí àwọn aṣòfin wò. Ìwé àdéhùn tí àwọn ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1979 gbà wá láàyè láti dé ilẹ̀ ara wa fún ọjọ́ 90 láì gba físà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí ti Ìdí-Ìrókò kò sì ṣí padà títí di ọdún 2022, ojú wa rí i bí ìyà ṣe ń jẹ ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní apá méjì.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gàn arábìnrin tó ń wá ìwé kí ó lè bá ọkọ rẹ̀ gbé. Bí ìgbéyàwó bá jẹ́ òtítọ́, ìwé a máa tẹ̀ lé e bí òjìji ṣe ń tẹ̀ lé ènìyàn. Ohun tí a ń bá wí ni kí a mú òjìji, kí a wá fi ènìyàn sílẹ̀.

ÈKEJÌ: OHUN TÍ ÒFIN WÍ

A fẹ́ kí ẹ mọ òfin, nítorí àwọn alárèékérekè tó ń ṣe àrèńjì kì í sọ ọ́ tán fún yín.

Ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tó bá fẹ́ ọmọ onílùú lè bẹ̀bẹ̀ láti di ọmọ onílùú lẹ́yìn ọdún 4, bí wọ́n bá ṣì jọ ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó nítorí ìwé nìkan lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 5, kí ó sì san owó ìtanràn 15,000 yúrò. Láti ọdún 2011 ni òfin wọn ti sọ ọ́ gbangba pé ìyà kan náà ń dúró de ẹni tó bá fi ìfẹ́ ẹ̀tàn mú ọkọ tàbí aya tí kò mọ̀ nǹkan kan. Irú ti arákùnrin wa gan-an nìyẹn.

Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1986, ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò tíì pé ọdún 2 nígbà tí ó gba ìwé, ìwé ọdún 2 ni wọn yóò kọ́kọ́ fún un. Bí ọdún náà bá ń parí lọ, tọkọtaya ni yóò jọ fọwọ́ sí ìwé mìíràn pé àwọn ṣì wà pọ̀. Wọ́n lè ya ọkọ àti aya sọ́tọ̀, kí wọ́n sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà: ta ni ó kọ́kọ́ ń jí, kí ni ẹ jẹ lánàá? Ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ lè dé ọdún 5, ìtanràn rẹ̀ lè dé 250,000 dọ́là. Èyí tó wá burú jù ni pé ẹni tí wọ́n bá ti rí i pé ó fi ìgbéyàwó èké wá ìwé, bí ó bá tún gbé ìyàwó òtítọ́ lọ́la, wọn kò ní fi ti òtítọ́ yẹn fún un ní ìwé mọ́. Ẹ rí i bí èké ṣe ń ti ilẹ̀kùn mọ́ òtítọ́!

Ẹ má sì rò pé ará ilé ẹ̀kọ́ òfin nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn, ó kan ará ilé Ọlọ́run. Ní Ìlú Ọba, ní ìlú kan tí ń jẹ́ St Leonards, àlùfáà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Alex Brown. Láàárín ọdún 2005 sí 2009, ó so ọkọ àti aya 360 pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, tí wọn kò fẹ́ ara wọn rárá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin náà jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Àwọn obìnrin ti apá ìlà-oòrùn Yúróòpù wá, a sì san owó fún wọn, tó ń tó 3,000 pọ́n-ùn nígbà mìíràn. Ní ọdún 2010, ilé ẹjọ́ rán àlùfáà náà lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 4. Ìgbà 360 ló bi wọ́n léèrè níwájú Ọlọ́run bóyá wọ́n gbà, ìgbà 360 ni wọ́n sì dáhùn. Àwa tí à ń wọ aṣọ funfun, tí àwọn ènìyàn ń wá sọ́dọ̀ wa pé kí a bá wọn kọ ìwé ẹ̀rí, kí ọ̀rọ̀ yìí má ṣe kọjá lára wa lásán. Àwọn Faransé gan-an, ìgbéyàwó funfun ni wọ́n ń pe irú ìgbéyàwó èké bẹ́ẹ̀. Kí aṣọ wa má lọ di ìbòrí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n nìkan kọ́ ni a wá fi dẹ́rù bà yín. Bí ọlọ́pàá kò bá tilẹ̀ sí láyé, ìbéèrè arákùnrin wa ṣì wà nílẹ̀: bí ohun tí mo sọ bá jẹ́ òtítọ́ lórí ìwé, ṣé mo ti purọ́?

ÈKẸTA: ÌDAJÌ ÒTÍTỌ́

Ẹ jẹ́ kí a ṣí Gẹ́nẹ́sísì orí 12. Ìyàn mú ní ilẹ̀ Kénáánì, Ábúráhámù sì kó ilé rẹ̀ lọ sí Íjíbítì, àní bí ebi ṣe ń lé àwọn ọmọ wa lọ lónìí. Bí ó ti kù díẹ̀ kí wọ́n wọ ìlú, ó bẹ aya rẹ̀ pé kí ó sọ pé arábìnrin òun ni. Kí nìdí? Kí ara lè rọ òun ní ilẹ̀ àjèjì. Ó sì rọ̀ ọ́ lóòótọ́! Fáráò fún un ní àgùtàn, màlúù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ràkúnmí àti ìránṣẹ́. Ṣùgbọ́n níbo ni Sárà wà? Ó wà ní ilé Fáráò. Ọkọ ń ka màlúù, aya wà nínú ilé ẹlòmíràn.

Ẹ wò ó dáadáa. Irọ́ pátápátá kọ́ ni Ábúráhámù pa. Ní orí 20, ẹsẹ 12, òun fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé ọmọ bàbá kan náà ni àwọn, ìyá ló yàtọ̀. Bí Íjíbítì bá ní mẹ́rì, tí a lọ wo ìwé, a ó rí i pé òtítọ́ ni: arábìnrin rẹ̀ ni. Síbẹ̀, Ọlọ́run kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ìdajì òtítọ́ náà ló fi bo ìdajì kejì mọ́lẹ̀, ìdajì tí Fáráò ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ kí ó tó mú obìnrin náà wọlé.

Ta ni ìyà náà sì kọ́kọ́ bá? Ilé Fáráò ni, ẹni tí kò mọ̀ nǹkan kan. Nígbà tí àṣírí tú, Fáráò bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ, ó sì ní kí wọ́n sìn ín jáde kúrò ní ìlú, òun àti aya rẹ̀. Ìyẹn ni ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn bàbá ìgbàgbọ́ tí a dá padà láti ilẹ̀ àjèjì nítorí pé ó sẹ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ ka orí 26: Ísáákì ọmọ rẹ̀ pa irọ́ kan náà, nípa aya tirẹ̀. Ọmọ wo ọwọ́ bàbá.

Ohun tí arákùnrin wa sọ kò yàtọ̀ sí èyí. Òfin ìdílé ti Bẹ̀nẹ̀, tí a fi lélẹ̀ ní ọdún 2004, sọ pé ìgbéyàwó tí a ṣe níwájú aṣojú ìjọba nìkan ni òfin mọ̀, ọkọ kan, aya kan. Ìdána kò ní agbára lójú òfin yẹn. Nítorí náà, lórí ìwé, àpọ́n ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iṣu tó kó lọ fún àna rẹ̀, ìwé ha jẹ ẹ́ bí? Orúkọ tó sọ ọmọ rẹ̀, ṣé àpọ́n ń sọmọ lórúkọ? Òfin kò sọ pé kí ó gbàgbé obìnrin náà, òun ló ń wá ibi tí yóò gbé e pamọ́ sí nínú òfin.

ÈKẸRIN: ÀWÍJÀRE ÀWỌN ÈNÌYÀN

A ti gbọ́ oríṣiríṣi àwíjàre, a kò sì fẹ́ fi ọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn.

Àwọn kan ní, “Àwọn òyìnbó ló fa ìlà sí ilẹ̀ wa láì sọ òtítọ́ fún wa. Kí ló dé tí a ó fi sọ òtítọ́ fún wọn?” Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, inú wa náà kò dùn sí ìlà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí irọ́ náà ń balẹ̀ sí. Ìjọba Faransé kì í sunkún. Obìnrin ni ó ń sunkún, ọmọ ni ó ń béèrè bàbá. Àwọn tó fa ìlà ní 1889 ti kú tipẹ́. Ẹni tí ìwọ ń tàn jẹ, kò sí nínú ìgbìmọ̀ wọn.

Àwọn mìíràn ní, “Obìnrin ọ̀hún mọ̀, a san owó fún un, kò sí ẹni tí a tàn.” Bí gbogbo ènìyàn bá tilẹ̀ mọ̀, ẹ̀jẹ́ ni o jẹ́ níbẹ̀. O jẹ́jẹ̀ẹ́ pé wàá bá a gbé, o sì mọ̀ nínú ara rẹ pé o kò ní bá a gbé. Lọ́jọ́ tí o bá wá jẹ́ irú ẹ̀jẹ́ kan náà fún aya òtítọ́, kí ni yóò fi mọ̀ pé ti òun yàtọ̀? Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó mọ àṣírí rẹ ti di ọ̀gá rẹ. Lónìí a sọ pé owó kù, lọ́la a tún sọ pé owó kù, ìwọ kò sì lè fẹjọ́ sùn níbì kankan.

Àwọn kan tún ní, “Ìfẹ́ yóò dé tó bá yá.” Ó lè dé. Àwọn ìyá wa àgbà mìíràn kò mọ ọkọ wọn títí di ọjọ́ ìyàwó, ìfẹ́ sì dé. Ṣùgbọ́n wọ́n wọlé pẹ̀lú èrò àti dúró ni, wọn kò wọlé pẹ̀lú èrò àti jáde.

Àwíjàre ebi ló kù. Lórí èyí, àwa kò ní bú ẹnikẹ́ni. A mọ̀ bí ọjà ṣe rí, a mọ iye ọmọ tó kàwé tán tó ń wa kẹ̀kẹ́ zémijàn. Ìyàn lé Ábúráhámù náà, Ọlọ́run kò sì bá a wí nítorí pé ó rìnrìn àjò. Kí ó máa lọ kò burú, kíkó tí ó kó aya rẹ̀ sínú ewu kí ọ̀nà rẹ̀ lè là ni ó burú.

ÈKARÙN-ÚN: BÓÁSÌ NÍ ẸNUBODÈ

Ẹ wá wo ẹlòmíràn. Rúùtù, ọmọ Móábù, àjèjì obìnrin, opó, wá sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Bóásì fẹ́ ẹ. Ẹ má sọ pé kò sí èrè nínú rẹ̀: ilẹ̀ wà níbẹ̀, ogún wà níbẹ̀, Rúùtù sì tipa bẹ́ẹ̀ rí ilé àti orúkọ láàárín àwọn ènìyàn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti ṣe é? Ní orí 4, Bóásì lọ jókòó sí ẹnubodè, ó pe àgbà mẹ́wàá, ó sì pe mọ̀lẹ́bí tó sún mọ́ ọn jù ú lọ. Ó sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà jáde, ó sọ ọ̀rọ̀ obìnrin náà jáde, ó sì sọ pé ọmọ Móábù ni. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn tí kò gbọ́ ọ.

Ohun tí a rí nìyí, ẹ̀yin ará. Èrè kọ́ ni ó ń ba ìgbéyàwó jẹ́, ohun tí a fi pamọ́ ni. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìgbéyàwó tí o fẹ́ ṣe tọ́, má ṣe béèrè pé “Ṣé wọn yóò mú mi?” Bi ara rẹ pé, “Ṣé mo lè sọ gbogbo rẹ̀ ní ẹnubodè, kí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ gbọ́, kí ẹni tí mo ti fẹ́ gbọ́, kí aṣọ́bodè gbọ́, kí àgbà ìjọ gbọ́?” Bí ó bá ku ẹnì kan tí kò gbọdọ̀ gbọ́, ẹni yẹn ni ò ń ṣẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa àgbà ní apá mìíràn pẹ̀lú. Bí arábìnrin kan bá ṣe ìgbéyàwó òtítọ́ lájò, tí ọkọ ń lù ú, tí ó sì ń fi ìwé dẹ́rù bà á, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe sọ fún un pé kó fara dà á kí ìwé má baà bọ́. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1994 ni òfin ti wà tí aya tí a ń lù lè fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ìwé láì dúró de ọkọ. Kí ó jáde, kí ó wá agbẹjọ́rò. Ìwé kò tó ẹ̀mí.

ÌPARÍ

Ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ arákùnrin wa já sí. A pè é padà, a ní, “Ọmọ wa, a kò lè kọ ọ́. Sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún obìnrin méjèèjì, kí o tún padà wá.” Ó dìde láì dọ̀bálẹ̀. A gbọ́ pé ó rí ibòmíràn gba ìwé rẹ̀, ó sì ti lọ. Ìyàwó rẹ̀ ṣì ń wá sí ìsìn, ibi tó ti ń jókòó tẹ́lẹ̀ náà ló ń jókòó. Lọ́jọ́ kan ó wá bá wa, ó ní, “Bàbá, bí ó bá kọ̀ mí sílẹ̀, ibo ni mo lè lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn? Ìwé wo ni mo lè mú dání?”

A kò rí èsì fún un. Nítorí pé nígbà tí a ṣe ìdána wọn, àwa àgbà jẹun, a gbàdúrà, a sì lọ sílé wa. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó sọ fún wọn pé, “Ẹ̀yin ọmọ, ó ku mẹ́rì.” Ìdajì òtítọ́ tí ọkọ rẹ̀ gbé lọ sí Faransé, àwa ni a fi ìdajì kejì sílẹ̀ láì kọ. Ẹ̀bi yẹn tiwa ni, a sì jẹ́wọ́ rẹ̀ níhìn-ín.

Nítorí náà, láti ìsinsìnyí lọ, tọkọtaya tó bá wá fún àdúrà ìgbéyàwó láàárín wa, a ó bi wọ́n léèrè ìwé mẹ́rì, a ó sì bá àwọn tí kò mọ ọ̀nà lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà pọ̀ láti ọdún pípẹ́, ẹ lọ ṣe é, kò tíì pẹ́ jù. Kò sí ìwé ẹ̀rí kan tí yóò ti ọwọ́ wa jáde pé ẹnì kan jẹ́ àpọ́n, bí a bá mọ ilé ìyàwó rẹ̀.

Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Kí Olúwa la ọ̀nà fún àwọn ọmọ wa tó ń wá oúnjẹ lókèèrè. Kí ó fún wọn ní ìwé tí wọ́n lè mú dání láì gbọ̀n, àti aya tàbí ọkọ tí wọ́n lè dárúkọ ní ẹnubodè gbogbo. Kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń dúró de wọn nílé dúró lásán. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.